LLM lókè òkun: ẹ béèrè láísẹ́ǹsì kí ẹ tó san owó iléèwé

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà tó fẹ́ lọ ka LLM, ìyẹn dígírì másítà nínú òfin, lókè òkun ti pọ̀ débi pé mo ní kí n kó wọn pọ̀ sójú kan lóṣù yìí, torí ìbéèrè wọn jọra, owó tó wà nídìí ẹ̀ sì pọ̀, àwọn kan ń ta ilẹ̀, àwọn kan ń yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn òbí míì ń kó owó ìfẹ̀yìntì lé e lórí. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mi ò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni síta.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti pè mí sí Bar, tí mo di lọ́yà, ṣáńbà kan, ìyẹn ọ́fíìsì lọ́yà, ni mo wà n'Íbàdàn, owó tí wọ́n ń san fún mi ò tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Mo ti rí admission LLM ní yunifásítì kan ní UK, ẹ́jẹ́ǹtì tó bá mi ṣe é sì ní tí mo bá ti parí ọdún kan yẹn, lọ́yà UK ni mí nìyẹn. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan fún owó iléèwé. Ṣé kí n gbà? — Lọ́yà ọ̀dọ́, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́ sọ fún Bàbá kí wọ́n ṣì fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì yẹn sọ fún ẹ kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí gan-an torí irọ́ kan náà yìí ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, yunifásítì ló ń fún wọn ní kọmíṣàn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá, báwo ni wọ́n ṣe máa sọ fún ẹ pé o ò nílò kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà?

LLM ò sọ ẹnikẹ́ni di lọ́yà ní England àti Wales. Dígírì ni. Àjọ tó ń fúnni láṣẹ láti ṣe solicitor níbẹ̀, lọ́yà tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn tó sì ń ṣe ìwé fún wọn, ni wọ́n ń pè ní SRA, SRA ò sì béèrè LLM lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ohun tí wọ́n ń béèrè láti September 2021 ni ìdánwò SQE. Ìwọ tí wọ́n ti pè sí Bar ní Nàìjíríà, lọ́yà tó ti gba àṣẹ ní orílẹ̀-èdè míì ni wọ́n kà ẹ́ sí, torí náà iṣẹ́ ọdún méjì tí wọ́n ń ní káwọn ọmọ tiwọn lọ ṣe kí wọ́n tó gba àṣẹ, wọn ò ní béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìdánwò ló kù, àti kí wọ́n yẹ ìwà ẹ wò bóyá o ò lẹ́jọ́ lọ́rùn.

Ìdánwò ọ̀hún kì í ṣe kékeré o, kí n má tàn ẹ́. SQE1 jẹ́ ìbéèrè 360, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, 180 lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó o bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, 90 lo máa dáhùn ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 33, wàá sinmi wákàtí kan, lẹ́yìn náà 90 míì á tún dé. Ìbéèrè kan ò ní tó ìṣẹ́jú méjì, wọn ò sì ní bi ẹ́ pé kí lòfin wí, ìtàn ni wọ́n máa sọ fún ẹ, pé obìnrin kan fẹ́ ra fúláàtì tí iye ọdún àdéhùn ẹ̀ (lease) ti fẹ́ẹ̀ tán, báńkì tó fẹ́ yá a lówó ní ohun tó ń béèrè, ẹni tó ń tà á sì kú kí wọ́n tó parí ẹ̀, kí ló yẹ kí solicitor ẹ̀ kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn márùn-ún á wà níbẹ̀, bíi mẹ́ta nínú wọn á sì dà bíi pé ó tọ̀nà. Ilẹ̀ wọn àti tiwa ò sì rí bákan náà, kò sí Gómìnà tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí Land Use Act, torí náà ohun tó o ti mọ̀ dáadáa gan-an lè ṣì ẹ́ lọ́nà. Tó o bá yege, SQE2 ló kàn, iṣẹ́ 16 ni, 12 jẹ́ kíkọ, mẹ́rin jẹ́ ti ẹnu, wàá fọ̀rọ̀ wá oníbàárà lẹ́nu wò, wàá sì rojọ́ níwájú adájọ́. Ti ẹnu yẹn, England tàbí Wales ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà ẹ́ láyè láti jókòó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́fà.

Owó méjèèjì pọ̀ sún mọ́ £5,000, láìtíì ka ìwé àti kíláàsì ìgbáradì. Owó ńlá ni, àmọ́ fi wé owó LLM fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tó jẹ́ pé láti bíi £15,000 ló ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó lórúkọ ní London sì ń kọjá £30,000, wàá tún san £776 lọ́dún fún ọ̀rọ̀ ìlera, wàá sì fi han àwọn oní-fíísà pé owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án wà ní báńkì, èyí tó ju £1,000 lọ lóṣù. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, tó o bá fẹ́ ṣe solicitor, SQE kan náà yẹn lo ṣì máa padà wá kọ.

Ìdí tí àwọn ọmọ wa fi ń gba ọ̀nà LLM ni fíísà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹni tó bá parí ẹ̀ lè gba Graduate visa láti dúró wáṣẹ́. Ọdún méjì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá máa gbé ìwé ẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní January 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Lẹ́yìn ìyẹn o gbọ́dọ̀ rí ilé iṣẹ́ tó máa gbà ẹ́ sórí Skilled Worker visa, owó oṣù tí wọ́n ń béèrè láti July 2025 sì jẹ́ £41,700 lọ́dún, tàbí £33,400 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Paralegal, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ lọ́yà, ni ọ̀pọ̀ lọ́yà wa máa ń kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, owó ẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ iye yẹn, ibi tó ti ń há mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, oṣù 18 á tán kí wọ́n tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Tó o bá sì ti gbéyàwó tàbí o ti bímọ, láti January 2024 ẹni tó ń ka másítà olọ́dún kan ò lè mú wọn dání mọ́.

Èmi, ká ní èmi ni ìwọ, n'Íbàdàn yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀ SQE1. Séńtà Pearson VUE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n ti ń kọ ọ́, kì í ṣe dandan kó o wà ní London. Kàwé fún oṣù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, máa fi ṣáńbà jẹun lọ. Tó o bá yege SQE1, CV ẹ ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní LLM nìkan, ilé iṣẹ́ á rí i pé o ti mọ òfin wọn. Lẹ́yìn náà kó o wá wo líìsì àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba UK gbà láyè láti mú èèyàn wá, ọ̀fẹ́ ni líìsì yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ lọ́yà pọ̀ nínú ẹ̀, kó o máa kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé LLM ṣì wù ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn torí o fẹ́ mọ ohun kan jinlẹ̀, bíi arbitration, ìyẹn yíyanjú ìjà òwò láìdé kóòtù, ní Queen Mary, tàbí òfin ọkọ̀ ojú omi ní Southampton, ó dáa bẹ́ẹ̀, wàá mọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Àmọ́ ilẹ̀ Bàbá ò gbọdọ̀ lọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ́jẹ́ǹtì.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé o, olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Law School, ó ní òun fẹ́ lọ ka LLM ní New York, owó tó dárúkọ fún mi le gan-an. Nígbà tiwa, ẹni tó bá lọ London kàwé òfin, tó bá dé, lọ́yà ni. Ṣé bó ṣe rí l'Amẹ́ríkà náà nìyẹn? Ṣé ó máa ríṣẹ́ níbẹ̀? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Bàbá wa, mo kí yín o. Òótọ́ lẹ sọ nípa ìgbà yẹn. Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó kọ́kọ́ di lọ́yà nínú àwọn èèyàn wa, London ni wọ́n ti pè é sí Bar ní 1879, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pe Stella Thomas ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ibòmíì tí wọ́n lè lọ nígbà yẹn, òfin ọdún 1962 ló dá ètò ẹ̀kọ́ lọ́yà tiwa sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tí wọ́n lọ gbà ní London ni pípè sí Bar gan-an. Ọmọ yín ti gba ìyẹn nílé. LLM tó fẹ́ lọ kà, nǹkan míì ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fi hàn án: ìpínlẹ̀ New York kì í sọ pé dandan ni kí lọ́yà tó kàwé ní Nàìjíríà ka LLM kó tó jókòó sí ìdánwò Bar wọn. Òfin wọn, Rule 520.6, nǹkan méjì ló ń wò nínú dígírì tí èèyàn gbà nílé. Ọ̀kan, ṣé iye ọdún tó fi kà á tó tiwọn, tó jẹ́ ọdún mẹ́ta? Èkejì, ṣé irú òfin tí wọ́n ń lò nílùú yẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwọn? LLB wa, dígírì àkọ́kọ́ nínú òfin, ọdún márùn-ún ni, mẹ́rin fún ẹni tó gba Direct Entry, òfin wa sì ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Torí náà ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ẹ̀ ní kíláàsì, ní àkókò kíkún, sábà máa ń yege lórí méjèèjì. Ẹni tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni LLM wà fún, láti fi tún un ṣe.

Àjọ tó ń pinnu ẹ̀ ni Board of Law Examiners, BOLE ni wọ́n ń pè é. Fọ́ọ̀mù wà lórí ìkànnì wọn tí ọmọ yín máa kọ́kọ́ kún, yunifásítì ẹ̀ á fi transcript, ìyẹn ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn tààrà, kì í ṣe òun ló máa mú un lọ, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pè é sí Bar náà á bá a lọ. Transcript yìí, Bàbá, ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán. Iléèwé kan nílé, tí mi ò ní dárúkọ, fi ìwé àbúrò kan pamọ́ títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá, ọdún kan gbáko ló pàdánù, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Kí ọmọ yín lọ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì yẹn o, kó má fi sílẹ̀ fún meèlì. Tí BOLE bá dá a lóhùn pé ó lè jókòó, ẹ ti ṣẹ́ owó LLM kù nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé ní àwọn iléèwé ńlá New York, owó kíláàsì nìkan ń kọjá $70,000. Owó ìdánwò Bar fún ẹni tó kàwé lókè òkun jẹ́ $750.

Ọjọ́ méjì ni ìdánwò náà. Ọjọ́ kìíní, àròkọ mẹ́fà àti iṣẹ́ méjì tí wọ́n ti máa kó fáìlì lé e lọ́wọ́ pé kó kọ ìwé lọ́yà jáde látinú ẹ̀. Ọjọ́ kejì, ìbéèrè 200. Máàkì 266 nínú 400 ló máa gbé e kọjá. Ó tún máa ṣe ìdánwò kékeré kan lórí ìwà ọmọlúàbí lọ́yà, á sì fi wákàtí 50 ṣiṣẹ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ò lówó. Láti July 2028, wọ́n ní àwọn máa yí i padà sí ìdánwò tuntun tí wọ́n ń pè ní NextGen. Àwọn tó kàwé lókè òkun ń yege níbẹ̀, àmọ́ iye wọn kéré gan-an sí ti àwọn tó kàwé l'Amẹ́ríkà, kì í ṣe torí ọpọlọ, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń kàwé, wọn ò sì fún un ní oṣù mẹ́ta tó fẹ́. California tún rọrùn jù lójú ọ̀nà yìí, ẹni tó bá ti jẹ́ lọ́yà ní orílẹ̀-èdè ẹ̀ lè jókòó níbẹ̀ láìtún lọ sí kíláàsì kankan.

Bàbá, ẹ bi mí ní ti iṣẹ́. Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn dá yín lọ́kàn balẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá ní New York, ọmọ tó ń ka JD, ìyẹn kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́ta tiwọn, ni wọ́n máa ń gbà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá sì jáde wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ẹni tó wá fún LLM olóṣù mẹ́sàn-án, nígbà tó fi mọ ọ̀nà ọ́fíìsì iléèwé, àwọn yẹn ti pín iṣẹ́ tán. Àwọn tó ń ríṣẹ́ nínú wọn, mo rí i pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ gidi nílé ṣáájú ni, ẹni tó ti bá báńkì kọ ìwé àdéhùn nílùú Èkó, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ epo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Law School ò tíì ní ohun tí wọ́n máa rà lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan ni fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á láyè láti ṣe lẹ́yìn tó bá parí, àfikún ọdún méjì tí àwọn oní-sáyẹ́ǹsì ń rí, òfin ò sí nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn H-1B, ìyẹn fíísà iṣẹ́, ni, lọ́tìrì sì ni wọ́n ń fi í ṣe, 65,000 fún gbogbo ayé àti 20,000 lórí ẹ̀ fún ẹni tó gba másítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ l'Amẹ́ríkà.

Èyí tó wá burú jù lọ báyìí ni pé ní December 2025 ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìkéde tó dá fíísà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró fún ọmọ Nàìjíríà, láti ọjọ́ kìíní January 2026. Irú nǹkan báyìí ń yí padà, ẹ ní kó wo ìkànnì ẹ́ḿbásì fúnra ẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀. Àkókò yìí gan-an ló yẹ kó fi gba èsì BOLE, kó fi ṣiṣẹ́ ọdún méjì sí mẹ́ta ní ṣáńbà tó ń ṣe iṣẹ́ báńkì tàbí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni Chevening máa ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní sìkọ́láṣíìpù ọ̀fẹ́ láti ka másítà ní UK, iṣẹ́ yẹn náà ló máa fi rí i. Kó rántí pé ẹni tó bá gba Chevening gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì. Owó yín tó wà ní báńkì, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe lọ́yà n'Óṣogbo kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Brampton ní Canada. PR, ìwé ìgbélùú, la fi wọlé. Mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wáńháùsì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ka LLM kí n lè padà sídìí iṣẹ́ mi, ẹlòmíì ní NCA ni. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ méjì, Ontario.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá àwọn ọmọ. Iṣẹ́ alẹ́ kì í ṣe ṣeréṣeré, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ tiyín ò le rárá lójú mi, NCA lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, LLM ò kàn yín lóní.

NCA ni ìgbìmọ̀ tí àwọn àjọ lọ́yà Canada gbé kalẹ̀ láti yẹ ìwé àwọn tó kàwé nílùú míì wò. Ẹ máa kó ìwé yín fún wọn, wọ́n á sọ iye kọ́ọ̀sì tí ẹ máa jókòó sí. Fún lọ́yà Nàìjíríà, márùn-ún tó jẹ́ ti Canada gan-an kì í sábà yẹ̀: òfin iṣẹ́ ìjọba (administrative law), òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè (constitutional law), òfin ọ̀daràn, ìpìlẹ̀ òfin Canada níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, àti ìwà lọ́yà. Wọ́n lè fi ọ̀kan tàbí méjì kún un. Láti 2022 wọ́n tún ń béèrè kọ́ọ̀sì kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí tí wọ́n sì ń kọ̀wé òfin. Ilé yín lẹ máa jókòó sí, lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á máa wò yín láti inú kámẹ́rà, ẹ lè ṣí ìwé yín, 50 nínú 100 lẹ fi máa kọjá. Ẹ lè mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló dáa fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ kọ ọ̀kan, ẹ sinmi, ẹ tún kọ òmíì. Ẹ má ro pé bí wọ́n ṣe ní kí ẹ ṣí ìwé á mú kó rọrùn o, ẹni tó bá ń wá ojú ewé kiri nínú ìdánwò ò ní parí, ìwé sómárì tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni kí ẹ gbé síwájú.

LLM bíi ti Osgoode tàbí ti Toronto tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti òkè òkun wá, kọ́ọ̀sì NCA kan náà ni wọ́n ń kọ́ nínú ẹ̀, ohun tí ẹ máa fi rà ju NCA lọ ni olùkọ́ àti àwọn èèyàn tí ẹ máa mọ̀. Ó wúlò fún ẹni tó dé láìmọ ẹnì kankan tí owó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin lè rí èèyàn mọ̀ lọ́nà míì, àwọn lọ́yà Nàìjíríà tó ti gba àṣẹ ní Ontario pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ọ̀nà yìí náà, ẹ kàn sí wọn.

Tí NCA bá tán, ẹ máa kọ ìdánwò méjì ti Law Society of Ontario, ọ̀kan fún barrister, lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, ọ̀kan fún solicitor. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sábà máa ń ní láti ṣe articling, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà àgbà, ó sì ṣòroó rí. Àmọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lọ́yà fún oṣù mẹ́wàá ó kéré tán ní ìlú tó ń lo irú òfin tiwa lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ṣe ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí iṣẹ́ yín jọ láti Oṣogbo, lẹ́tà ọ̀gá yín nínú ṣáńbà, ìwé àwọn ẹjọ́ tí ẹ rò, ìwé pé orúkọ yín mọ́ lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà nílé. Kí ọ̀gá yẹn tó fẹ̀yìntì tàbí kó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Ìbéèrè: Ọmọ Kétu ni mí, ní Benin. Mo ka òfin ní Abomey-Calavi dé master. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa torí ìyá mi ń gbé ní Èkó. Gbogbo ohun tí mo ń kà nípa LLM, ti Nàìjíríà àti Ghana ni wọ́n ń sọ. Àwa ńkọ́? — Òǹkàwé, Kétu.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, inú mi dùn pé ìwé wa ń dé Kétu. Tiyín yàtọ̀ pátápátá, ọ̀dọ̀ yín ni LLM ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Mo sọ lókè pé nǹkan méjì ni New York ń wò. Iye ọdún tí ẹ fi kàwé tó wọn, òfin ilẹ̀ Faransé tí ẹ kọ́ ni ò bá tiwọn mu. LLM l'Amẹ́ríkà ló ń tún ìyẹn ṣe. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kírédíìtì 24, kí ẹ jókòó sí kíláàsì níbẹ̀, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé, kí ẹ sì rí i pé àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní dandan ni wà nínú ẹ̀: méjì lórí ìwà lọ́yà, méjì lórí ìwádìí àti ìwé kíkọ, méjì lórí ètò òfin Amẹ́ríkà, mẹ́fà lára ohun tí wọ́n ń bi nínú ìdánwò Bar. Àwọn kan ti ka LLM tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan ò pé, gbogbo owó yẹn ò wá jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ìkéde December yẹn kan Benin náà o, ẹ má tíì san owó kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rí àǹfààní tiyín sí, kì í ṣe New York. Ilẹ̀ Benin àti Togo wà nínú OHADA, orílẹ̀-èdè 17 tí wọ́n jọ ń lo òfin òwò kan náà, ilé ẹjọ́ àgbà wọn wà ní Abidjan, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn adájọ́ lórí ẹ̀ sì wà ní Porto-Novo, ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Èkó tó bá fẹ́ dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Cotonou tàbí Lomé, lọ́yà Èkó ò mọ OHADA, lọ́yà Cotonou ò sì mọ bí ará Èkó ṣe ń kọ ìwé àdéhùn. Ẹni tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó tún lè bá oníṣòwò Ìdúmọ̀tà sọ Yorùbá lórí fóònù, ẹ bá mi ka iye wọn. Tí ẹ bá máa ka LLM, ẹ wá èyí tó dá lórí òwò àgbáyé tàbí arbitration ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbikíbi tí owó ẹ̀ ò bá pa yín lára, kí ẹ sì wọ ẹgbẹ́ lọ́yà nílé kọ́kọ́.

Ìbéèrè: Mo ka LLM lórí òfin epo àti iná ní Scotland, mo ti padà sí Èkó, owó kan náà tí wọ́n ń san fún mi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń san. Ṣé mo fowó ṣòfò ni? — Ẹni tó padà wálé, Sùúrùlérè.

Ìdáhùn: Rárá o. Ibi tí ẹ gbé e lọ ni kò tọ̀nà, ṣáńbà tó jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ìkọ̀sílẹ̀ ló ń ṣe ò nílò ohun tí ẹ mọ̀, kò sì ní san owó ẹ̀. Òfin epo ọdún 2021, PIA, dá àjọ tuntun méjì sílẹ̀, gbogbo kọ́ńpìnnì tó ń wa epo ló ń wá ẹni tó máa ka òfin yẹn fún wọn. Èyí tó wá tuntun jù ni iná mànàmáná. Òfin 2023 gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣètò iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ Abuja, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó tẹ̀ lé e. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ òfin ara wọn ni, bí wọ́n ṣe máa dá owó iná, bí wọ́n ṣe máa fún àwọn tó ń tà á láṣẹ, ẹ ti ka gbogbo ìyẹn ní Scotland. Ẹ mú ìwé àṣekágbá tí ẹ kọ níbẹ̀, ẹ gé e sí ojú ewé mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ owó iná ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ mú un lọ fún wọn ní Adó-Èkìtì tàbí Àkúrẹ́ fúnra yín. Àwọn tí wọ́n ń bá wọn ṣòwò náà ń wá lọ́yà, àwọn tó ń ta sólà fún ọjà àti ilé ìwòsàn, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ kan náà.